Ẹ̀rín Orí Káàdì: Àwọn Káàdì Apanilẹ́rìn-ín Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Kó Wọn Jọ

Ní oṣù Keje ọdún 1954, ní ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pe bàbá arúgbó kan tí ó ti pé ọmọ ọdún 79 wá sí iwájú ilé ẹjọ́. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì bá ọba ṣọ̀tẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé àwọn àwòrán tí ó ń yà sí ara káàdì ìfìwéránṣẹ́, èyí tí àwọn ènìyàn ń rà ní etíkun láti fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín, lè ba ìwà ọmọlúwàbí jẹ́. Òfin tí wọ́n gùn lé kì í ṣe òfin àná; ọdún 1857 ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí kò tíì sí ohun tí ń jẹ́ káàdì ìfìwéránṣẹ́ rárá. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó san £50 owó ìtanràn àti £25 owó ẹjọ́. Orúkọ bàbá náà ni Donald McGill.

Káàdì tí wọ́n torí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri lónìí. Ní ọdún 2010 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ryde, ní erékùṣù Wight, àwọn olùkójọ sì ń to àwọn káàdì náà sínú ìwé ńlá bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Nígbà tí ohun kan bá ti ọwọ́ ọlọ́pàá bọ́ sí ọwọ́ olùkójọ ohun àtijọ́, ó máa ń rọrùn láti rò pé gbogbo ẹjọ́ ti parí, pé ọjọ́ orí ti sọ ọ́ di mímọ́. Èrò bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Ọjọ́ orí kì í sọ àwàdà di rere, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ọ́ di búburú. Ohun tí ó yẹ kí olùkójọ béèrè nípa káàdì apanilẹ́rìn-ín ni ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, àti ibi tí onítọ̀hún wà nígbà tí ẹ̀rín ń sọ.

Káàdì fúnra rẹ̀ kò dàgbà púpọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1869 ni ìjọba Austria òun Hungary kọ́kọ́ gbé e jáde, Ìlú Ọba sì tẹ̀ lé e ní 1870. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ọdún 1894 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba àwọn oníṣòwò láyè láti tẹ tiwọn. Títí di 1902, ẹ̀yìn káàdì jẹ́ ti àdírẹ́sì nìkan. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ ní láti fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán níwájú. Ní ọdún náà ni wọ́n fa ilà sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀, apá kan fún ọ̀rọ̀, apá kejì fún àdírẹ́sì, àwòrán sì gba gbogbo iwájú. Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1907. Ilà kékeré yìí ni ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán. Ní ọdún kan ṣoṣo tí ó parí ní oṣù Kẹfà 1908, káàdì tí ó gba ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà lé ní 677 mílíọ̀nù.

Ọdún 1875 ni wọ́n bí McGill ní London. Ó ṣèṣe níbi eré bọ́ọ̀lù nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Iṣẹ́ yíya àwòrán ọkọ̀ ojú omi ni ó kọ́, kò sì sí ẹni tí ó rò pé yóò di apanilẹ́rìn-ín. Nǹkan bí ọdún 1904 ni ó yàwòrán kan ránṣẹ́ sí ọmọ ẹbí rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn láti fi tù ú nínú. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó kú, àwòrán tí ó ti yà fún káàdì tó 12,000 ní ìṣírò àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń tẹ káàdì ni èrè pọ̀ sí lọ́wọ́. Ní tirẹ̀, wọ́n a ra àwòrán kan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bí káàdì náà bá tà ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò kàn án mọ́.

Ẹni tí ó bá to ogún nínú àwọn káàdì wọ̀nyí síwájú yóò tètè mọ àwọn ará ilé náà. Ìyá oníbàdí ràgàjì kan wà níbẹ̀ tí aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ ń sunkún lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ó ń wo ọmọge tí ń kọjá lọ, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọ̀mùtí wà níbẹ̀ tí imú rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Àlùfáà wà níbẹ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Dókítà, ìyàwó ọ̀ṣìngín, ìyá ìyàwó, gbogbo wọn pé. Sánmà a máa mọ́ rekete, àwọ̀ pupa àti ti ewéko a máa dán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ro ènìyàn.

Ìsàlẹ̀ àwòrán ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà sá pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ pọ́n-na ni. Ìtumọ̀ kan mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn, èkejì kò ṣeé sọ níwájú àna. Káàdì McGill tí ó tà jùlọ, tí wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, kò ní ìhòòhò kankan nínú: ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń bi ọmọge kan léèrè bóyá ó fẹ́ràn Kipling, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì. Nítorí pé ìparí orúkọ náà dún bí èyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe, ọmọge rò pé iṣẹ́ kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìtìjú dáhùn pé òun kò ṣe é rí. Yorùbá kò lè tú u, nítorí àwàdà náà kò sí nínú èrò, inú ìró ni ó wà. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín ti jẹ́wọ́ pé òun mọ ohun tí ọmọge náà ń rò. Àṣírí káàdì wọ̀nyí nìyẹn: ayàwòrán kò sọ ohun ìdọ̀tí kankan, inú ẹni tí ń wò ó ni ìdọ̀tí náà wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó gbé e lọ sí kóòtù ní Lincoln ti ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ìtumọ̀ kejì kí inú tó bí wọn.

George Orwell ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ pàtàkì mú àwọn káàdì náà. Àròkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Horizon ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, nígbà tí ogun ń jà lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ohun tí ó rí dára púpọ̀. Ó sọ pé àwàdà wọ̀nyí kò lè dún mọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwùjọ tí kò bá ka ìgbéyàwó sí. Ìgbà tí òfin bá dúró ṣinṣin ni ẹ̀rín òfin rírú tó ní adùn. Ó tún sọ pé nínú olúkúlùkù ènìyàn, akọni tí ó fẹ́ kú fún òtítọ́ wà, ọ̀lẹ oníkùn ńlá tí ó fẹ́ jẹun kí ó sì sùn náà sì wà, ó fi Don Quixote àti Sancho Panza ṣe àpẹẹrẹ wọn. Káàdì etíkun jẹ́ ohùn èkejì yìí. Ìjọba a máa bá ti àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà ogun, kò sì sí ẹni tí ń bá ti èkejì sọ̀rọ̀ bí kò ṣe alágbàtà káàdì.

Èyí jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò kún tó. Orwell wo káàdì bí ẹni tí ó dúró síta gbangba tí ó ń wo wọ́n nínú fèrèsé ìsọ̀: gbogbo wọn ní ìṣùpọ̀, ojú wọn nìkan. Ó ka ìyàwòrán wọn sí ohun tí kò ní iyì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá farabalẹ̀ wo ìlà ọwọ́ McGill yóò rí i pé ọwọ́ tí ó kọ́ láti yàwòrán ọkọ̀ ojú omi kò gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀; àga, ìkòkò, ilẹ̀kùn, gbogbo wọn dúró déédéé, ìwọ̀n wọn pé, nítorí náà ni ìdí ràgàjì tí ó kọjá ìwọ̀n fi ń pani lẹ́rìn-ín. Bí ohun gbogbo bá wọ́, kò sí ohun tí ó wọ́ mọ́. Àwọn tí ó ń fara wé e kò mọ èyí, ìdí nìyẹn tí káàdì wọn fi ń sú ènìyàn kíákíá.

Ohun kejì tí Orwell kò rí ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yí káàdì padà. Káàdì kì í ṣe àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan rán sí ẹnì kan ni. Obìnrin tí ó bá ra àwòrán ìyá oníbàdí ńlá fún kọ́bọ̀ mélòó kan, tí ó sì kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀yìn pé ọjọ́ kejì ni àwọn ń padà bọ̀, pé oòrùn mú, pé kí ó jọ̀wọ́ fún adìẹ lónjẹ, ti sọ àwàdà ayàwòrán di tirẹ̀. Bóyá ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, bóyá ti àbúrò náà. Yorùbá tí ó mọ àrokò yóò yé e lójú ẹsẹ̀: ẹni tí ó bá rí owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn, tí kò mọ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, owó ẹyọ lásán ni ó rí.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀bi àwọn olùkójọ pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ káàdì tí kò dọ̀tí, tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí, tí ó mọ́ bí ọjọ́ tí ó jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Irú èyí ni wọ́n ń kì sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń yìn. Wọ́n ń sanwó sí i nítorí pé kò ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Káàdì tí igun rẹ̀ ti ká, tí ó ní òǹtẹ̀ ìlú àti déètì, tí sítáǹbù rẹ̀ ń sọ bóyá ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 1918 ni, nígbà tí owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ìdajì kọ́bọ̀, tàbí lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó di kọ́bọ̀ kan, káàdì bẹ́ẹ̀ ni ó ní ìtàn lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà, kí ọlọ́gbọ́n mú èyí tí ó dọ̀tí.

Àwọn káàdì àrà náà wà, tí wọ́n ń fi ọgbọ́n ọwọ́ ṣe. Òmíràn ní ihò wíńdò wẹ́wẹ́ tí ó ń tan bí ènìyàn bá gbé e síwájú àtùpà. Òmíràn ní àpò ẹlẹ́rù tí a ń ṣí, tí àwòrán kéékèèké mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò já wálẹ̀ láti inú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ awọ, òmíràn jẹ́ àwo orin tí ó ń kọrin lórí ẹ̀rọ. Ní àkókò ogun 1914 sí 1918, àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé fi òwú sẹ́dà kó iṣẹ́ ọnà sára káàdì fún àwọn ọmọ ogun láti fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n dùn ún wò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fa àpò náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò tún sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ohun ìṣeré ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ibi tí àrà àti ẹ̀rín ti pàdé dáadáa ni àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ní ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Kansas, nǹkan bí ọdún 1908, ayàwòrán kan, William H. Martin, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn fọ́tò tí kò sí irú rẹ̀ rí: àgbàdo kan ṣoṣo kún inú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, àwọn ọkùnrin ń fi ayùn rẹ́ àlùbọ́sà, ehoro ń sáré pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún lẹ́yìn. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Yóò ya fọ́tò ohun ọ̀gbìn ní tòsí, yóò tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, yóò fi àlùmọ́gàjí gé e, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́tò àwọn ènìyàn, yóò sì tún ya gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní Waupun ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Alfred Stanley Johnson náà ṣe irú rẹ̀.

Àbùmọ́ ni èyí, irú tí ọdẹ ń sọ nígbà tí ó bá ti inú igbó dé. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú irin ti ṣèlérí fún àwọn àlejò pé ilẹ̀ Kansas yóò mú èso wá bí ọgbà Édẹ́nì. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ọ̀dá, àti ní 1874, tata tí ó jẹ oko wọn run. Káàdì Martin gba ìlérí náà gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1930, nígbà tí ọ̀dá àti eruku tún bo ilẹ̀ náà, Frank Conard ní Garden City ní Kansas yàwòrán tata tí ó tó ẹṣin, tí ènìyàn ń dojú ìbọn kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń rín. Àgbẹ̀ tí ó fi káàdì yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ìṣòro ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò ya ẹ̀rín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú ìsọ̀ kan náà ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún kan náà, oríṣi kẹta wà. Orí rẹ̀ ni ọmọ ènìyàn dúdú tí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ṣe pupa gbàǹgbà, tí ó ń jẹ bàrà tàbí tí ó ń jí adìẹ gbé. Láti ìhà Florida wá sì ni èyí tí ọ̀nì ti ń la ẹnu sí àwọn ìkókó aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sì ní kí ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín. Wọn kì í ṣe káàdì tí ó sá pamọ́. Wọ́n wà lórí pákó kan náà pẹ̀lú ti àgbàdo ńlá, ìyá arúgbó a sì máa fi wọ́n kí ọmọ ọmọ rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí. Àwọn ọ̀nà ìyàwòrán wọn kò yàtọ̀ sí ti ìyókù: àbùmọ́ ni, pọ́n-na ni, àwọ̀ mèremère ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọnà nìkan wọn káàdì kò ní ohun tí yóò fi ya èyí sọ́tọ̀.

Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ní òru ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kù ọ̀la, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde. Ó lè bú olè, ó lè bú alágbèrè, ó lè bú olóyè tí ó jẹ owó ìlú, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ mú un ní ìbínú. Àyè tí wọ́n fún un pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà: ojú agbo ni ó ti ń sọ ọ́, ẹni tí ó ń bá wí wà níbẹ̀, tàbí ìbátan rẹ̀ wà níbẹ̀, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ó sì lè di ọdún tí ń bọ̀ kí ẹ̀fẹ̀ mìíràn kan Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn káàdì wọ̀nyí ń fẹ́ nìyí. Ìyá oníbàdí ràgàjì McGill ni ó ń ra káàdì náà ní etíkun Blackpool. Àgbẹ̀ Kansas ni ó ń ra ti tata. Ọmọ dúdú tí ó wà lẹ́nu ọ̀nì kò sí nínú agbo. Wọn kò tà á fún un, kò lè dáhùn, bí bàbá rẹ̀ bá sì gbìyànjú láti dáhùn ní Florida nígbà náà, ẹ̀mí rẹ̀ lè lọ sí i.

Kí ni kí olùkójọ ṣe sí irú rẹ̀? Àwọn kan ní kí ó jó o. Àwọn mìíràn ní ìtàn ni, kí ó máa tò ó mọ́ ìyókù bí ẹni pé kò sí nǹkan. Èrò kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà tí David Pilgrim, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, gbà ni ó dára jùlọ. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó sì ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé èyí tí òun kọ́kọ́ rà, ilẹ̀ ni òun là á mọ́ tí ó fọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n mọ́ dípò kí ó máa fọ́ wọn. Àkójọ rẹ̀ ni ó di Jim Crow Museum ní Yunifásítì Ferris State ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí ilé rẹ̀ titun ṣí ní 2012, níbi tí wọ́n ti ń fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí ìkórìíra ṣe ń gba inú ilé lásán wọlé. Níbẹ̀ ẹ̀yìn káàdì wúlò ju iwájú rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí ó lè wà níbẹ̀, pé ara le, pé ọmọ ti ń rìn, ni ó ń fi han àwọn ọmọ náà pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò rí ohunkóhun tí ó burú nínú rẹ̀.

Òfin tí wọ́n fi mú McGill kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó ń wá ìdí obìnrin kiri, kò sì wo ibi tí ẹ̀rín ń bọ́ sí. Ní 1959 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin titun, tí ó jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ pé ó wúlò fún ọnà tàbí ìmọ̀. Bàbá náà ti ń lọ sí 85 nígbà náà. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kú ní oṣù Kẹwàá 1962, ohun ìní tí ó fi sílẹ̀ kò ju £735 lọ, ó sì fi àwọn àwòrán sílẹ̀ tí ó ti yà parí, tí ń dúró de àwọn tí yóò lọ sí etíkun ní ìgbà ooru ọdún tí ó tẹ̀ lé e.